Àká Igi Lẹ́yìn Barnersville

Barnersville, Monrovia,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 2024.

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìfaradà ooru. Yéwándé àbúrò mi sọ fún mi pé orúnkún yín ti fúyẹ́, inú mi dùn gan-an. Ẹ bá mi kí i, ẹ ní mo rí ẹ̀gúsí tó fi ránṣẹ́ gbà. Nítorí pé tẹlifóònù kò wúlò fún yín mọ́ láti ìgbà tí ariwo ilé ìlagi ti ba etí yín jẹ́, mo fi ìwé yìí rán Ìyìnlọ́lá, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ná ọjà Èkó. Àánú ọmọ ọmọ yín kí yín o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ ti mú un rù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rù.

Ìjì jà níbí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Igi afàrà ńlá méjì tó wà lẹ́yìn oko mi ló wó. Ọ̀kan wó sáàárín ẹ̀gẹ́, èkejì wó lu ilé ààrò tí a ti ń yan gaàrí. Ọjọ́ Ìsinmi ni, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n páànù òrùlé náà ká kò bí ewé gbígbẹ.

Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó sórí ìtì igi náà, mo ń wò ó. Gbogbo ènìyàn ní kí n gé e sí wẹ́wẹ́ kí n fi dáná. Bàbá, ọmọ yín ni mí. Mo wo bí igi yẹn ṣe tọ́ gbọnrangandan, mo ní rárá o, pákó nìyí. Mo máa là á, n ó sì fi pákó rẹ̀ kọ́ àká tí n ó máa kó igi ìdáná sí. Àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ni n ó gé sí igi ìdáná.

Òjò Monrovia kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò Oǹdó. Bó bá dé, ó lè rọ̀ ní ọ̀sán, ní òru, kó má dá fún odindi ọ̀sẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, igi wa rin gbingbin, èéfín kó wọnú gaàrí, àwọn oníbàárà mi ní Logan Town sì dá a padà fún mi. Ẹni tó bá ní igi gbígbẹ nínú oṣù keje ló ni ọjà. Láti ìgbà tí Bánjí ọkọ mi ti kú fi wá sílẹ̀, oko yìí ni mo fi gbé ara mi ró. Mo fẹ́ kó gbé mi ró dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ bí a ṣe ń to pákó tútù tí kò fi ní lọ́.

Ọmọ yín tó ń ṣàárò yín,
Motúnráyọ̀.


Oǹdó,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, 2024.

Motúnráyọ̀, Àbẹ̀jẹ́ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ara mi le. Yéwándé ń tọ́jú mi bó ti yẹ. Ó ń fi iyọ̀ dù mí nínú ọbẹ̀ nítorí ohun tí dókítà sọ, èmi náà sì ń bu iyọ̀ sí i bó bá ti kọ ẹ̀yìn.

Ohun tí o kọ kò dùn mọ́ mi nínú. Mo lagi títí etí mi fi di. Ojú mi ló ṣe nígbà tí ìtì igi yí lu Gbọ́lá ọ̀rẹ́ mi, tí kò sì dìde mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi rán ìwọ àti àbúrò rẹ lọ sílé ìwé, kí ẹ̀yin méjèèjì má baà sún mọ́ ayùn láyé yín. O kàwé, o di tíṣà. O fẹ́ ẹnjiníà, o tẹ̀ lé e lọ sí ìlú tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán níbẹ̀, n kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ọkọ kò sí mọ́ báyìí. Ilẹ̀ tí o ń pè ní oko rẹ, háyà lo háyà rẹ̀. Ta ló ń kọ́lé sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀? Ohun tó bá wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀, bó pẹ́ bó yá, onílẹ̀ yóò bèèrè rẹ̀. Ta igi náà, kó ẹrù rẹ, kí o máa bọ̀ wá sílé.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé etí tìrẹ ló di ju tèmi lọ, gbọ́ èyí. Má jẹ́ kí pákó tútù fara kan ilẹ̀. Má to pákó lé pákó. Fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà. Fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò kun ojú ibi tí wọ́n ti gé e ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kó má baà sán. Ní ti òpó, gbẹ́ ihò tó jìn, kun òpó náà lọ́ìlì, kí o rì í mọ́lẹ̀. Má sì kọ ẹnu àká sí ibi tí òjò ti ń wá.

Èmi bàbá rẹ,
Adébíyìí.


Barnersville,
Ogúnjọ́, oṣù kẹrin, 2024.

Ẹ̀yin Bàbá mi,

Ẹ kú ìnáwó lẹ́tà, ẹ kú ìbínú náà. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ìbínú wà lókè, ìmọ̀ràn wà nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mo dì mú.

Joel ti wà lọ́dọ̀ mi láti ọjọ́ Ajé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í sọ̀rọ̀ jù, ó sì fẹ́ràn oúnjẹ mi, pàápàá ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ọ̀dùnkún. Ó ní bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, òun kò ní fẹ́ lọ mọ́. Ẹ̀ bá rí bó ṣe ń lagi! Wọ́n fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wọ́n po dúdú inú rẹ̀ mọ́ omi, wọ́n rẹ okùn sínú rẹ̀, wọ́n na okùn náà láti ìdí igi dé orí, wọ́n sì ta á bí ẹni ta gìtá. Ilà dúdú kan á jókòó sára igi náà láìwọ́. Lórí ilà yẹn ni ẹ̀rọ ayùn rẹ̀ ń gbà. Nígbà tí pákó àkọ́kọ́ já, mo fi ọwọ́ pa á, ó funfun bí ẹran àgbọn. Òórùn rẹ̀ mú mi rántí aṣọ iṣẹ́ yín lórí okùn nígbà tí mo wà ní kékeré.

Mo ti to pákó bí ẹ ṣe wí. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ òpó, ẹ jọ̀ọ́, n kò ní ṣe bí ẹ ti sọ. Bí mo bá gbẹ́ ilẹ̀ ibí dé orúnkún, omi ni mo máa bá. Afàrà sì nìyí, ẹ mọ̀ pé ikán fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀kọ lọ. Kọnkéré ni mo máa dà bí àpótí, n ó fi irin sínú rẹ̀, n ó gbé òpó lé e lórí, n ó sì dè é mọ́ irin náà. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ìṣirò sì ni mo fi ogún ọdún kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

N kò ní ta igi, Bàbá. N kò sì tíì ní kó ẹrù mi.

Ọmọ yín,
Motúnráyọ̀.


Oǹdó,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún, 2024.

Motúnráyọ̀,

Ta ni Joel?

O kọ̀wé sí mi pé ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ rẹ láti ọjọ́ Ajé, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, pé ó fẹ́ràn oúnjẹ rẹ, pé kò ní fẹ́ lọ mọ́. Mo tún ibẹ̀ kà, mo bọ́ ìgò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Yéwándé ní òṣìṣẹ́ ni. Mo ní òṣìṣẹ́ wo ni wọ́n ń ròyìn bẹ́ẹ̀ fún bàbá ẹni?

Bó bá jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni o kò fi fẹ́ wá sílé, sọ ọ́ síta. Opó ni ọ́, o kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n. N kò lè bá ọ jà pé o fẹ́ ẹni tó máa bá ọ sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kó wá rí mi. Ìyàwó mélòó ló ní? Ọmọ ta ni? Nígbà tó bá ń lagi, ṣé bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń wọ̀, àbí sílípáàsì? Èyí tó fi sílípáàsì lagi kò lè jẹ́ àna mi.

Kọnkéré tí o wí yẹn, fi òkúta wẹ́wẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ kí o tó dà á. N kò sọ pé kò dára.

Bàbá rẹ.


Barnersville,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Èmi àti Àánú rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Joel ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́rin ní àdúgbò Slipway. Òun ló ni ẹ̀rọ ayùn tí a fi ń la igi, ìyẹn nìkan ni. Bàtà tó bo ọmọ ìka ló sì ń wọ̀. Mo sọ fún un pé ẹ fẹ́ gba òun ní àna. Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ìyàwó òun kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá ṣeré.

Ẹ̀rín ti tán báyìí. Ẹ rántí Ma Dorothy, ìyá àgbà tó ni ilẹ̀ tí èmi àti Bánjí háyà? Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Enoch dé sóko ní ọjọ́ tí a parí lílà igi àkọ́kọ́. Ó dúró sórí pákó mi. Ó ní, "Ma Motu, da our stick o." Igi àwọn ni, ohun tó ń wí nìyẹn. Ó ní ilẹ̀ ni mo háyà, n kò háyà igi. Ó ní kí Joel pa ẹ̀rọ rẹ̀. Joel wo ojú mi, mo wo ojú Enoch. Enoch ní bí ẹnikẹ́ni bá kan pákó yẹn, òun máa pe ọlọ́pàá. Joel kó ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé Ma Dorothy ti lọ sí ìgbèríko lọ sìnkú, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó máa dé. Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Tapólì ni mo fi bo pákó náà, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń ká a nígbà tí oòrùn bá yọ, kí pákó má baà bu.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé onílẹ̀ yóò bèèrè. Ó ti bèèrè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ni ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ọkàn mi balẹ̀.

Motúnráyọ̀ yín.


Oǹdó,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà, 2024.

Ọmọ mi,

Ẹnì kan láti Monrovia sọ fún Yéwándé lórí fóònù pé o ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Yéwándé fi í pa mọ́ fún mi fún ọjọ́ méjì. Ojú rẹ̀ ló tú u fó.

Fún wọn ní ìdajì pákó náà. Bí ìdajì kò bá tó wọn, fún wọn ní gbogbo rẹ̀. Àlejò tó bá onílé dé iwájú ọlọ́pàá, bó jàre bó jẹ̀bi, ó ti jẹ̀bi. Igi máa ń hù. Ọmọ mi kò ní hù mọ́.

Dá mi lóhùn kíá.

Bàbá rẹ.


Oǹdó,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje, 2024.

Motúnráyọ̀,

N kò rí èsì. Yéwándé ní ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, pé o ní kò sí wàhálà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ fún ìyàwó Gbọ́lá ní ọjọ́ tí mò ń wí yẹn, wọ́n ní kò sí wàhálà. Ẹ̀yin ọmọ a máa fi irọ́ tẹ́ ẹní fún àgbàlagbà kó lè sùn. Èmi kò sùn.

Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré sínú ìwé, kí n rí i.

Bàbá rẹ.


Barnersville,
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù keje, 2024.

Bàbá mi, Bàbá mi,

Ọwọ́ mi nìyí. Ẹ wò ó dáadáa, kò gbọ̀n. Ẹ má bínú sí mi. Ìyìnlọ́lá ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, kò rìnrìn àjò fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ kan náà ni ìwé yín méjèèjì dé ọwọ́ mi. Mo sunkún nígbà tí mo ka ti ìkejì. Ẹ jókòó, kí n ròyìn fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lóòótọ́ ni Enoch lọ fẹjọ́ sùn pé mo jí igi ẹbí òun. Wọ́n pè mí ni, wọn kò mú mi. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ. Ọ̀gá wọn gbọ́ tẹnu àwa méjèèjì, ó ní ọ̀rọ̀ inú ilé ni, kí a lọ dúró de Ma Dorothy. Mo ti padà sóko kí ó tó di ọ̀sán, mo tún yan gaàrí.

Nígbà tí ìyá náà dé, ó pè wá sí ilé rẹ̀ ní Logan Town. A bá a níwájú ilé, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Enoch sọ̀rọ̀ gùn. Ó sọ ti baba ńlá wọn, ó sọ ti ogun, ó sọ pé àwọn àjèjì ni wọ́n máa ń jẹ orílẹ̀-èdè àwọn tán. Ìyá náà kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó parí, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ma Motu, tìrẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Ma, ẹ jẹ́ ká gbà pé igi yín ni."

Enoch rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé mo ti túúbá.

Mo ní, "Igi yín kúrò ní ìdúró, ó wó lu ilé ààrò mi. Ó fọ́ òrùlé, ó sì fọ́ agbada kan tí a fi ń yan gaàrí. Ọjọ́ wo ni ẹ máa wá tún un ṣe fún mi?"

Ma Dorothy wo Enoch. Ó ní, "Enoch, o gbọ́? Igi tìrẹ ló ba ilé obìnrin yìí jẹ́. Lọ mú òòlù."

Enoch ní, "Ah, Ma! Ìjì ló wó o."

Ìyá ní, "Ìjì kì í ṣe ẹbí wa. Ìwọ lo ní igi jẹ́ tiwa." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé omi ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù. Enoch alára kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín sọ ọ́ lẹ́nu.

Bàbá, mo lè dìde kí n kó gbogbo pákó mi lọ. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí i pé ọ̀pá oparun ni wọ́n fi gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá náà ró, tó ń tẹ̀ bọ̀ nílẹ̀. Mo ní n ó mú ìdá kan nínú mẹ́ta pákó náà wá fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ìyókù jẹ́ tèmi. Ìyá náà dì mọ́ mi. Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé ohunkóhun tó bá wó lórí ilẹ̀ yẹn níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń ro ó, tèmi ni, kí n ṣáà kọ́kọ́ sọ fún òun. N kò tíì rí ìmọ̀ràn yín gbà nígbà náà. Ẹ ní ìdajì. Mo rò pé ìdá kan nínú mẹ́ta tó.

Enoch ló wá fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó pákó ìyá lọ. Lẹ́yìn náà ó tún padà wá, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Ó ní òun wá ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Díẹ̀ náà ló di gbogbo iṣẹ́. Joel padà wá la igi kejì. Bí òjò bá dá, a ó kan ìṣó. Bó bá rọ̀, a ó sá wọlé.

Àká náà ti dúró. Òpó rẹ̀ wà lórí kọnkéré, òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Bí pákó ara ògiri ṣe ń gbẹ, wọ́n ń sún kúrò lára ara wọn, afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ọ̀nà òkun, Bàbá, torí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ààrò. Òjò àkọ́kọ́ wọlé tààrà bí ẹni tí a pè wá jẹun. Mo ní láti kan pákó tó dàgẹ̀rẹ̀ sókè ẹnu rẹ̀ kí òjò lè máa ṣàn dànù. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, mo gbà.

Òjò ti rọ̀ títí nínú oṣù yìí, ọ̀nà ti di odò. Síbẹ̀ ààrò mi kò kú lọ́jọ́ kankan. Igi ń jó pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, gaàrí ń dún ṣàràṣàrà. Àwọn tó dá gaàrí mi padà lọ́dún tó kọjá ń wọ omi wá bá mi níbí. Ẹ sùn o, Bàbá. Ẹ sùn dáadáa.

Ọmọ yín ní tòótọ́,
Motúnráyọ̀.


Oǹdó,
Ogúnjọ́, oṣù kẹjọ, 2024.

Àbẹ̀jẹ́,

Mo ka ìwé rẹ sókè fún Yéwándé. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá yẹn ti ní kí wọ́n mú òòlù wá, eyín àtọwọ́dá mi jábọ́ sínú àwo. Mo ti sùn.

Mo sọ fún ọ nípa ẹnu àká. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti gba ìwé ìrìnnà. Nínú oṣù kọkànlá, èmi àti Ìyìnlọ́lá la jọ ń wọ ọkọ̀ òfuurufú bọ̀. Má tíì máa yọ̀. N kì í ṣe ẹni tó ń bọ̀ wá gbafẹ́. Mò ń bọ̀ wá mú ọ lọ sílé, lójú-kojú, kí o má rí ìwé kankan sá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Yéwándé ní mo ti dàgbà jù fún ìrìn àjò náà. Mo díbọ́n pé n kò gbọ́.

Bàbá rẹ.


Barnersville, Monrovia,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejìlá, 2024.

Yéwándé ọmọ mi,

Mo dé ní àlàáfíà, mo sì wà ní àlàáfíà. Orúnkún kò dùn mí. Àánú ń ti abẹ́rẹ́ bọ̀ mí lára láti fi mí kọ́ṣẹ́.

O ní kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, kò tíì jí nígbà tí mo jáde lọ wo àká náà. Mo fi èjìká ti òpó rẹ̀. Kò mì. Mo ti òmíràn, kò mì. Mo wo ìdí wọn bóyá ikán ti dé ibẹ̀, n kò rí ọ̀kan. Mo wá wọ inú rẹ̀, igi ìdáná tò dé òrùlé, ó gbẹ táútáú. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí àwọn obìnrin tó ń bá a yan gaàrí fi dé. Wọ́n kí mi, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo wo bí wọ́n ṣe ń pe Motúnráyọ̀ nígbà tó jáde, bí wọ́n ṣe ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe ń nàka síbí, tó ń nàka sọ́hùn-ún, tí gbogbo wọn sì ń lọ ibi tó nà sí. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò sínú láti Oǹdó, n kò rí ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ma Dorothy wá kí mi. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí náà a jọ sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Enoch gbé àga wá fún mi. Ìtì igi kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn àká; èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ ń jà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, torí ó fẹ́ kí á là á báyìí, mo ní kó sinmi kí omi ara rẹ̀ fà. Joel ti gbè sẹ́yìn mi.

Lánàá, nígbà tí a jẹun tán, mo ní, "Motúnráyọ̀, o mọ ohun tí mo bá wá."

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá." Kò yẹra fún ojú mi. Ó sọ ọ́ sí mi létí kí n lè gbọ́, ó ní, "Ilé ni mo wà."

Mo bu omi mu. Mo ní ó dára.

Ọjọ́ tí mo ní kí o wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú, má wá mọ́. Wọ́n ní òjò ibí máa bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹrin, pé bó bá dé, èèyàn kò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Mo fẹ́ jókòó sẹ́nu àká yẹn kí n rí i nígbà tó bá ń bọ̀ láti orí òkun.

Fi ṣòkòtò iṣẹ́ mi méjèèjì rán Ìyìnlọ́lá sí mi.

Bàbá rẹ,
Adébíyìí.